Abọ́ kan náà ló dá ìjà sílẹ̀: ohun tí ojú mi rí kí ajá méjì tó rẹ́ nílé mi

Ọjọ́ Àìkú kan ni ajá mi gé mi jẹ. Ajá ìta kọ́, dìgbòlugi ò sì mú un. Tańmọ̀la ni, ajá tí mo tọ́ láti ọmọ oṣù méjì, tó ti lo ọdún 6 lọ́dọ̀ wa láìfi eyín kan ẹnikẹ́ni. Àpá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún mi títí di òní, ọwọ́ tí mo fi ń di sísọ́ọ̀sì mú, nítorí aṣọ ni mo ń rán jẹun. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe gbogbo ohun tó mú un débẹ̀, ọkàn rere ni mo sì fi ṣe é. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí torí mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbì kan tó fẹ́ mú ajá kejì wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó rò bí mo ṣe rò pé tí wọ́n bá ti wà nínú ọgbà kan náà, wọn á mọ ara wọn fúnra wọn.

Ìbàdàn la wà, lápá Ológunẹ̀rú. Màmá mi ló sọ ajá náà lórúkọ. Láyé àwọn ìyá wa, orúkọ ajá kì í ṣe orúkọ lásán. Òwe ni wọ́n fi ń pè é, kí ará ilé àti aládùúgbò lè gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹni nígbàkúgbà tí a bá pe ajá wá jẹun. Ọdún tí màmá mi gbé e fún mi, nǹkan le koko fún wa, ilé tí à ń kọ́ ò tíì ní òrùlé, àwọn kan sì ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá mi wò mí, wọ́n ní, "Tańmọ̀la ni kó o máa pè é, kó o sì máa pè é sókè dáadáa." Ajá ìbílẹ̀ ni, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn. Abẹ́ máṣínì mi ló máa ń sùn lọ́sàn-án, lórí àwọn àjákù aṣọ. Kí oníbàárà tó kanlẹ̀kùn, ó ti mọ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn olè wọ ilé kejì sí tiwa, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì mọ́tò lọ, bàbá àwọn ọmọ mi ní Tańmọ̀la ti ń dàgbà, ká wá ajá tó lágbára kún un. Ó ra Táígà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń tajá. Akọ ni, ó ti lé lọ́mọ ọdún kan, àdàlù Alsatian ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi gbàǹgbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló mú un dé. A ṣí géètì, ó fi okùn fà á wọlé tààrà, ó fà á lọ síwájú ilé níbi tí Tańmọ̀la dúró sí. Àwọn ọmọ ń hó yèè. Èmi náà ń pe Tańmọ̀la pé, "Wá kí àbúrò ẹ!"

Bí mo bá rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo máa ń rí i kedere. Gbogbo ara Tańmọ̀la le bíi pákó. Ẹnu rẹ̀ tó máa ń là sílẹ̀ fẹ̀fẹ̀ tó bá rí wa pa dé pinpin. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde láti ọrùn títí dé ìdí ìrù. Ó fi ahọ́n lá imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ti Táígà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí okùn fún un lọ́rùn gírígírí. Ajá tí okùn fún lọ́rùn kò lè yà, kò lè sá, kò sì lè tẹrí ba láti fi hàn pé òun ò bá ti ìjà wá. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe ni kó dojú kọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n gbó, wọ́n fò mọ́ra, a fà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, a sì ní yóò tán tó bá dọ̀la.

Ẹ wo ajá méjì tí okùn ò sí lọ́rùn wọn, tí wọ́n pàdé lórí pápá tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Wọn kì í kojú síra. Wọ́n á rìn yí bí ẹni tó ń ya kòtò, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí ara wọn, ọ̀kan á dúró kí èkejì gbóòórùn ìdí rẹ̀, òun náà á sì gbóòórùn tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Ìkíni tí àwa kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ìkíni ẹni tó fẹ́ wọ̀yá ìjà ni.

Ohun mìíràn tún wà tí mo ń dúpẹ́ pé kò pa wá lára. Ẹni tó ta Táígà fún wa kàn fẹnu sọ pé ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni, kò mú káàdì kankan jáde. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní parvo máa ń mú ajá bì, á máa ṣu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí ajá tuntun fi wà ní ààyè ọ̀tọ̀ kó tó fẹnu kan omi èyí tó wà nílé. Ọjọ́ tí Táígà dé náà ló ti mu omi Tańmọ̀la. Orí ló yọ wá.

Láti ọjọ́ kejì ni Tańmọ̀la ti bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Bí Táígà bá ti sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣínì, màá gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, hùn-ùn-ùn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ojú ń tì mí níwájú àwọn oníbàárà. Mo ní ìlara ni, mo ní ó ti bàjẹ́ nítorí pé òun nìkan la ti ń kẹ́ látọjọ́ yìí. Bó bá ti kùn, màá bọ́ sálúbàtà mi, màá nà án. Mo nà án títí tó fi jáwọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, Táígà lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má gbin. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé, "Ó ti gbà wàyí." Inú mi dùn. Mo ra ẹja gbígbẹ fún un lọ́jọ́ yẹn, mo ní ó ti ń gbọ́ràn.

Nínú gbogbo àṣìṣe mi, èyí ló ṣì máa ń dùn mí jù. Ṣe ló dà bí ìgbà tí mo rí ẹni tó gbé ẹrù wúwo lórí nínú ọjà Bódìjà, tó ń ké "Àgò o! Ẹ yàgò o!" kí ẹrù má baà gbá ènìyàn. Tí mo wá gbá a lẹ́nu, tí mo ní kó dákẹ́. Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù ò kúrò lórí rẹ̀, ọ̀nà ò sì fẹ̀ sí i. Ajá tó ń kùn ń ké àgò ni. Ó ń sọ fún èkejì pé kó yà, ó sì ń sọ fún èmi tí mo ni ilé pé ara ń ni òun, kí n wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tí a bá nà nítorí pé ó kùn, ọjọ́ tí kò bá lè mú un mọ́ra mọ́, eyín ló máa kọ́kọ́ lò.

Ní oṣù Kẹfà, ìyá ọkọ mi, tí èmi náà ń pè ní Màmá, wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ajá méjèèjì kì í wo ojú ara wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kò sí àjọjẹ láàárín wọn ni. Ọmọ ìyá kan náà kì í jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Inú abọ́ kan náà lèmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ àmàlà dàgbà, ìka wa ń kan ara wọn nínú ọbẹ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni pé àwa ní òfin. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, ìyá wa sì jókòó tì wá. Ta ló fẹ́ jókòó ti ajá méjì pín ẹran fún wọn?

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, a ti ibi ìkómọjáde kan dé pẹ̀lú egungun ewúrẹ́ nínú ọ̀rá. Mo tẹ ẹ̀bà sínú bàsíà ńlá kan, mo da ọbẹ̀ lé e, mo kó egungun sí àárín, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, mo pe àwọn méjèèjì. Wọ́n wá. Wọ́n tẹrí sínú bàsíà náà, èmi àti Màmá sì ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ìṣẹ́jú kan ló kọjá. Táígà na ẹnu sí egungun tó wà lápá ọ̀dọ̀ Tańmọ̀la. Tańmọ̀la ò kùn, mo ti nà án kúrò níbẹ̀. Ariwo tí mo gbọ́ kì í ṣe gbígbó rárá. Ó dàbí ìgbà tí èèyàn fi agbára fa àńkárá onípò mẹ́rin ya lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré kó ọwọ́ sáàárín wọn, mo fẹ́ di okùn ọrùn Tańmọ̀la mú. Ó yí ẹnu pẹ̀ẹ́, ó kó ọwọ́ mi sẹ́nu. Kò tíì sí ìrora tí mo fi mọ̀ pé ó ti jù ú sílẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ó ń gbọ̀n. Ó mọ̀ pé èmi ni.

Màmá ló là wọ́n. Wọ́n gbé garawa omi tí wọ́n fẹ́ fi fọ abọ́, wọ́n dà á lé àwọn méjèèjì lórí, wọ́n sì ń lu ìdérí ìkòkò méjì mọ́ra gbà-gbà-gbà. Àwọn ajá náà tú ká. Ohun tó yẹ kémi náà ṣe nìyẹn. Bí ajá méjì bá ń jà, ẹ má kó ọwọ́ sí sàkání ẹnu tàbí ọrùn wọn, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn yín tó, torí ajá tó wà nínú ìjà kì í wo ohun tó ń gé. Ẹ da omi lé wọn, ẹ pariwo irin, ẹ ti pákó tàbí àga bọ àárín wọn. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí oníkálukú di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá kọ̀ọ̀kan mú bí ẹni di bárò, kí ẹ sì fà wọ́n sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ dán ti ẹsẹ̀ dídìmú yìí wò, torí èyí tí kò dì mú á rí ibi já jẹ.

Màmá fẹ́ fi epo pupa sí ojú ọgbẹ́ náà. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo gbé ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, mo wo aago, torí mo ti gbọ́ rí nílé ìwòsàn pé fífọ̀ yìí gan-an máa ń lé kòkòrò dìgbòlugi lọ púpọ̀. Lẹ́yìn náà la lọ sí ilé ìwòsàn. Tańmọ̀la ní káàdì, kò tíì pé ọdún kan tó gba àjẹsára dìgbòlugi, ṣùgbọ́n ìlà kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò mọ̀ bóyá eyín Táígà ló fà á, Táígà ò sì ní ìwé kankan. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ti ọjọ́ kẹta tẹ̀ lé e, ti ọjọ́ keje, ti ọjọ́ kẹrìnlá. Wọ́n ní ká máa ṣọ́ àwọn ajá méjèèjì fún ọjọ́ 10 gbáko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, àwọn dókítà ẹranko sì máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi púpọ̀ lásìkò náà. Ibẹ̀ ni Táígà ti gba àtúngbà tirẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè gé aṣọ. Aṣọ ẹbí àwọn kan kọjá ọjọ́, wọ́n bú mi, mo sì gbà á.

Lálẹ́ ọjọ́ ìjà náà, bàbá àwọn ọmọ mi ní ká yọ̀ǹda ọ̀kan. Táígà, owó ńlá la fi rà á. Ẹnì kan ládùúgbò ní òun á gba Tańmọ̀la. Ojú tó fi ń wo itan rẹ̀, mo mọ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ ló ń rò. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún. Ajá yìí ló sùn sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo òru tí mo fi lóyún àbígbẹ̀yìn mi. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi, ò tiẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ ìjà. Ó kọ́kọ́ gbé etí Tańmọ̀la sókè, ó tàn iná sí i, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Nínú ihò etí ọ̀tún, eégbọn mẹ́rin ló lẹ̀ síbẹ̀ bí ẹ̀wà, ibẹ̀ ti wú, ó ti ń rùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí etí ti ń ro láti bí oṣù kan, ṣé yóò fẹ́ kí ọmọdé máa fò mọ́ òun lórí?" Mi ò lè dáhùn. Ojoojúmọ́ ni ajá náà ń sùn sábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ajá yín ní oníjà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, eyín rẹ̀, orúnkún rẹ̀, inú rẹ̀. Ìrora kì í jẹ́ kí ara gba àlejò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bi mí pé ibo gan-an ni wọ́n ti máa ń kọjú ìjà síra. Mo rò ó dáadáa. Ẹnu ọ̀nà tóóró tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ máṣínì. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi bí mo bá jókòó. Ìdí abọ́. Bí mo ṣe ń kà á fún un lòye ń yé mi. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó gba ajá méjì. Láàárín ọgbà, níbi tó fẹ̀, wọn ò jà rí. Gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo pé Tańmọ̀la kórìíra Táígà, ohun tí èmi fi sáàárín wọn ni wọ́n ń jà lé. Dókítà ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé Táígà ò tíì wọlé wa rí, kí n má sì ka ọjọ́.

Bàbá àwọn ọmọ mi pe wẹ́dà, ó ṣe ilé ajá kejì sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ṣe ìlẹ̀kùn onírin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kan pákó mọ́ ọn kí wọ́n má rí ara wọn. Ọjọ́ 10 ni wọn ò fi rí ojú ara wọn rárá. Tí ọ̀kan bá wà níta, èkejì wà nínú ilé rẹ̀, a ń pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ó ń rẹ̀ mí. Ọwọ́ kan ni mo ń lò, àwọn ọmọ ń gbàgbé láti ti ìlẹ̀kùn, mo sì ń jágbe mọ́ gbogbo ayé.

Àjákù aṣọ ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́. Mo mú àjákù òwú kan, mo fi pa Táígà lẹ́rẹ̀kẹ́ àti lọ́rùn, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ Tańmọ̀la. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi oúnjẹ sílẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì mo fi téépù wọ̀n ọ́n, mo gbé aṣọ náà jìnnà ní yáàdì méjì. Ó jẹun, ṣùgbọ́n ó ń gbójú sókè wò ó. Mo ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, mo sì ń pààrọ̀ aṣọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀, ó jẹun tán, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Mo pe Màmá wá wò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Táígà náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò le, ó kàn gbé aṣọ náà sáré kiri ni.

Lẹ́yìn èyí la tú pákó kúrò lára irin. A ń gbé oúnjẹ fún wọn lásìkò kan náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, irin láàárín, yáàdì mẹ́fà síra wọn. Bí oúnjẹ bá ti dé lójú irin yẹn, tí ẹ bá rí i pé ọ̀kan dẹ́kun jíjẹ tó tẹjú mọ́ èkejì láìṣẹ́jú, ẹ ti yára jù nìyẹn. Ẹ dá abọ́ padà síbi tó wà lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà.

Ibi tí ọ̀rẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀nà. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ọ̀kadà tó pọ̀, a ń mú wọn lọ sí pápá ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ tí kò sí èyí tó lè pè é ní tirẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi mú Táígà ní apá ọ̀hún pápá, èmi mú Tańmọ̀la níhìn-ín, a jọ ń rìn lọ sí ìhà kan náà, a ò kojú síra. Okùn ọwọ́ wa rọ̀, ó tẹ̀ bí okùn aṣọ tí a ò tíì sá nǹkan lé. Mo bọ ẹ̀dọ̀, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Nígbàkúgbà tí Tańmọ̀la bá wo Táígà tó sì yíjú padà wò mí, màá fún un ní ẹyọ kan. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bó bá ti rí Táígà, ojú mi ló ń wá. Nígbà tó yá a jẹ́ kí Táígà ṣíwájú kí Tańmọ̀la máa gbóòórùn ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìtọ̀ rẹ̀ lára koríko sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì òun ni yóò ṣíwájú. Àyè àárín wa ń dín kù láìjẹ́ pé a fi ipá dín in. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn ara wọn, a ka ení, èjì, ẹ̀ta, a sì pè wọ́n kúrò, tẹ̀ríntẹ̀rín, láìfà. Ohun kékeré yìí ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Bí ìkíni bá pẹ́ jù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí le. Bó bá parí nígbà tó ṣì dùn, wọ́n á fẹ́ ṣe é lọ́la.

Ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àlejò kan kan géètì lóru, bàbá àwọn ọmọ mi sáré ṣí ìlẹ̀kùn onírin, àwọn méjèèjì sì jọ já sí ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn. Wọ́n jà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, ṣùgbọ́n èmi àti ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ di ariwo fún. Mo rò pé gbogbo làálàá oṣù méjì ti wọ omi. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀, ká kàn padà sẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń sáré gba ẹnu ọ̀nà nílé wa. Tańmọ̀la ló ń kọ́kọ́ jáde. Táígà á jókòó títí a ó fi pe orúkọ rẹ̀.

Oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ ti ń mú. Mo jókòó nídìí máṣínì, abẹ́rẹ́ pínnì wà lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè, mo rí Táígà níwájú Tańmọ̀la lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi. Ó tẹ àyà mọ́lẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ìdí rẹ̀ wà lókè, ìrù rẹ̀ ń jù. Tańmọ̀la wò ó. Mo mú ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ajá àgbà yìí náà tẹ àyà mọ́lẹ̀, ó fò dìde, ó sì sá yí tánkì ká, Táígà tẹ̀ lé e, ẹnu wọn là sílẹ̀, ara wọn rọ̀ bí aṣọ ṣífọ́ọ̀nù. Ní ìyípo kejì, Táígà ló wá ń sá, Tańmọ̀la ló ń lé e. Pàṣípààrọ̀ yẹn ni mo ń wò, nítorí bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń lé, tí èkejì ń wá ibi tí yóò sá sí, eré ti tán, ká pè wọ́n ni. Wọ́n dúró, wọ́n gbọn ara nù bí ẹni tó jáde nínú omi, oníkálukú lọ mu omi tirẹ̀. Mi ò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí pé ariwo lè ba nǹkan náà jẹ́.

Oṣù mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìjà náà kí a tó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ nígbà tí kò sẹ́nìkan nílé. Egungun, oníkálukú ń jẹ tirẹ̀ nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì, èyí ò ní yí padà. Abọ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun, ọ̀kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀kan ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà tí Màmá tún wá láti Ìsẹ́yìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ni wọ́n pè mí jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Tańmọ̀la ti jẹun tán. Ó jókòó sí igun ilé, ó ń retí. Nígbà tí Táígà gbórí sókè kúrò nínú abọ́ tirẹ̀, Tańmọ̀la dìde, ó rọra lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Táígà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó forí lé abẹ́ àtẹ̀gùn. Ejìká wọn kan ara wọn lójú ọ̀nà. Oníkálukú wá ń lá òfìfo abọ́ èkejì, lá-lá-lá, títí abọ́ fi ń dún lórí sìmẹ́ńtì.

"Ìyàwó," Màmá wí, "ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe báyìí?"

Mo ní, "Ojoojúmọ́ ni, Màmá."